Wẹ̀yìn Wò: Bí A Ṣe Ń Tú Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Tí A Ti Ta Tán

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru Àbújá mú débi pé àga ike ń jó èèyàn nídìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Kubwa, a ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan. Kò sí ọ̀gá nínú àwa méjèèjì. Irú àwọn tó ń lọ sí ẹgbẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ni wá: a mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a máa ń rí ọ̀nà méjì mẹ́ta síwájú, a sì máa ń sọ nǹkan nù níbi tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mú funfun, mo mú dúdú. Ní ìgbésẹ̀ 51 mo na ọwọ́ sí wọn pé wọ́n ti pa mí.

Nígbà tí mo délé, ìgbésẹ̀ 47 ni mo dá lẹ́bi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìgbésẹ̀ 47 kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe bí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá pa wá tán, a ó tún to ọmọ ayò, ó di òmíràn. Ẹnì kan lè ta ayò ọgọ́rùn-ún lọ́nà bẹ́ẹ̀ kí ó má kúrò lójú kan. Ayò kan ṣoṣo tí a tú dáadáa ń kọ́ni ju ogún tí a sáré ta lọ, mo sì fẹ́ fi ayò tí mo pàdánù yìí ṣàlàyé bí mo ṣe ń tú u.

Orúkọ àti àmì

Mo ń pe àwọn ọmọ ayò ní ọba, ayaba, rúùkù, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti ọmọ ogun. Nínú ìwé, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń lò: K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin, ọmọ ogun kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Ìlà òòró jẹ́ a títí dé h, ìlà ìbú jẹ́ 1 títí dé 8, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mú funfun. Ilé e5 ni ibi tí òòró e ti pàdé ìbú 5. Àmì x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì (ìgbà tí a halẹ̀ láti jẹ ọba), O-O ni ìgbà tí ọba sá wọ igun tí rúùkù sì fò ó kọjá. Àmì … lẹ́yìn nọ́ńbà ni pé dúdú ló ta, ! ni pé ìgbésẹ̀ náà dára. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pa ẹnì kejì, ọ̀mì ni.

Ẹ gbé pátákó yín sílẹ̀ kí ẹ tó máa kà á lọ. Kíkà lásán kò tó.

Ẹ kọ ayò sílẹ̀, kódà níbi tí òfin kò fi dandan lé e

Nínú ìdíje tí àkókò rẹ̀ gùn, òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní kí olúkúlùkù kọ gbogbo ìgbésẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tàbí lábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó ń fipá mú wa. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ ni a ń gbàgbé. Bí ẹ bá ta ayò oníṣẹ́jú 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí tiwa, àyè wà láti kọ ọ́. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ olójú-ewé 40 tó. Ẹ fi ìlà méjì pín ojú ewé sí mẹ́ta: ìgbésẹ̀ funfun, ìgbésẹ̀ dúdú, àti àyè tóóró kan fún aago. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ márùn-ún márùn-ún, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún yín síbẹ̀. Àyè tóóró yẹn ni ó tú mi fó nígbà tó yá.

Ayò tí kò dé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi í ṣeré. Kò yẹ fún títú.

Ẹ má tíì kó ọmọ ayò kúrò nílẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ayò parí ni ìgbà tí òtítọ́ ṣì gbóná lẹ́nu ẹnì kejì. Ẹ bi í léèrè. Ẹ má bi í pé "níbo ni mo ti ṣìṣe?" nítorí pé ojú tirẹ̀ náà ṣókùnkùn, yóò kàn tọ́ka sí ibi tí ó ti jẹ nǹkan ńlá. Ẹ bi í ní ohun tó bà á lẹ́rù, ohun tó ń wá, àti ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lọkàn yín balẹ̀ pé ẹ máa pa mí?"

Wọ́n ní, "Ìgbà tí mo jẹ ọmọ ogun e5 rẹ. Mo kàn ń ṣe sùúrù ni látìgbà yẹn."

Mo ní, "Rúùkù tí mo gbà láti pààrọ̀ ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun ló pa mí?"

"Àbúrò, òun náà lè wà níbẹ̀."

Mai shayi tó ń se tíì lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Hausa tí kò sí ẹni tó ń bá a ta dara, ayò àwọn Hausa, ní òpópónà yẹn tí kò ní kábàámọ̀, dúró tì wá látìgbà tí ayò ti kù díẹ̀ kó parí. Ó ní, "Ka yi gaggawa." Ó ní mo kánjú. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo dúpẹ́. Nínú àwa mẹ́ta, òun àti ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ohun tí mo máa fi ọjọ́ mẹ́ta wá. Mi ò gbọ́ ni, torí pé ẹ̀bi ti wà lọ́kàn mi kí n tó béèrè.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ẹ má ṣe dá a lóhùn, ẹ má ṣe jiyàn.

Ìwọ àti bíírò, láìsí ẹ̀rọ

Ó máa ń wu èèyàn kí ó tètè ṣí fóònù kí ẹ̀rọ sọ ibi tí àṣìṣe wà. Ẹ mú sùúrù. Ẹ̀rọ á sọ ìgbésẹ̀ tó dára, kò ní sọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ yan èyí tí kò dára, ibẹ̀ sì ni àrùn náà wà. Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn, ẹ kò ní lè rántí òtítọ́ èrò yín mọ́. Ẹ ó máa rò pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Ẹ tún ayò náà ta lórí pátákó, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi bíírò pupa yí nǹkan mẹ́ta ká: ibi tí iye ọmọ ayò ti yí padà, ibi tí ìgbésẹ̀ ẹnì kejì ti yà yín lẹ́nu, àti ibi tí aago ti fi hàn pé ẹ pẹ́ jù tàbí pé ẹ yára jù. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan: "Mo rò pé…" Kí ó jẹ́ èrò ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọgbọ́n òní.

Nínú ayò mi, pupa bọ́ sórí ìgbésẹ̀ 6, 47 àti 48. Láàárín 10 sí 46, a ń pààrọ̀ ọmọ ayò ní méjì méjì bí oníṣòwò tó ń ṣẹ́wó, títí ó fi ku rúùkù kọ̀ọ̀kan àti ọmọ ogun kan ṣoṣo, ti ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní dá yín dúró níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: ibi tí mo ti kọsẹ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ tí a ń fi orúkọ Ruy López pè ni a ta, orúkọ àlùfáà ará Sípéènì tó kọ ìwé nípa ṣẹ́ẹ̀sì ní 1561. Ó lọ báyìí:

1. e4 e5
2. Nf3 Nc6
3. Bb5 a6
4. Ba4 Nf6
5. O-O Be7
6. Re1 O-O

Ẹ dúró níbí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìgbésẹ̀ mi kẹfà, ohun tí mo kọ ni: "Mo rò pé kí n tètè fi ọba pamọ́." Èrò tí gbogbo ìwé ń kọ́ni ni. Wọ́n wá ta á:

7. Bxc6 dxc6
8. Nxe5

Mo ti mọ èyí rí, mo sì mọ oògùn rẹ̀. Bí funfun bá jẹ ẹṣin c6, tí ó sì jẹ ọmọ ogun e5, ayaba dúdú yóò jáde sí d4, yóò dojú kọ ẹṣin e5 àti ọmọ ogun e4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹṣin á sá, ayaba á jẹ e4, gbèsè ti tán. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ta 8… Qd4. Ẹ̀gbọ́n dá ẹṣin wọn padà, 9. Nf3, ó ń lé ayaba mi. Mo na ọwọ́ sí e4. Ọwọ́ mi dúró lókè. Rúùkù wà ní e1. Bí mo bá jẹ e4, rúùkù yóò jẹ ayaba mi, rúùkù yẹn nìkan ni ẹṣin mi yóò sì rí jẹ padà. Ayaba mi padà sí d8, ọmọ ogun kan sì ti lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ fa yọ níbí ju "má ṣe sọ ọmọ ogun nù" lọ. Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, kí rúùkù tó dé e1, oògùn mi ń ṣiṣẹ́: bí wọ́n bá jẹ c6 àti e5 nígbà náà, Qd4 yóò gba gbèsè padà, torí pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ e4. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, Re1, kò fọwọ́ kan e5, kò halẹ̀ mọ́ ohunkóhun lójú, ṣùgbọ́n ó ti ba oògùn mi jẹ́. Mo ń wo ibi tí rúùkù dúró, mi ò wo ohun tí ó yí padà níbòmíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nísinsìnyí lẹ́yìn ìgbésẹ̀ ẹnì kejì kì í ṣe "kí ló ń lé?" nìkan. Mo ń béèrè pé: "Èwo nínú ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni kò sí mọ́?" Ká ní mo béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹfà, ǹ bá ti ta 6… b5 láti lé bíṣọ́ọ̀bù kúrò ní ọ̀nà ẹṣin mi, tàbí 6… d6 kí ọmọ ogun mìíràn di e5 mú. Ọba ṣì máa rí àyè sá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí èyí, torí ó dùn mí jù: nígbà tí e5 mi lọ, ọmọ ogun e ti ẹ̀gbọ́n kò ní alátakò mọ́ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ ogun kan náà ni ó rìn títí dé òpin ayò. Ọmọ ogun tó pa mí ní ìgbésẹ̀ 51, ìgbésẹ̀ kẹjọ ni mo ti ṣí ọ̀nà fún un.

Ìgbésẹ̀ 47 àti 48: ibi tí mo ti ṣubú

Ẹ to pátákó yín báyìí. Funfun: ọba d5, rúùkù c7, ọmọ ogun e5. Dúdú: ọba e8, rúùkù b6. Funfun ló máa ta.

Mo mọ ibi tí mo wà. Philidor, olórin ará Faransé tí ó ta ṣẹ́ẹ̀sì ju gbogbo èèyàn ìgbà rẹ̀ lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ààbò yìí: ọba dúdú dúró níwájú ọmọ ogun, rúùkù dúdú dúró lórí ìbú 6 kí ọba funfun má lè gòkè. Bí ọmọ ogun bá bọ́ sí e6, rúùkù á sọ̀kalẹ̀ lọ sí b1, á máa gbá ọba funfun ní ṣẹ́ẹ̀kì láti ẹ̀yìn, torí pé kò sí ibi ìforípamọ́ mọ́. Ọ̀mì ni.

Ẹ̀gbọ́n mọ èyí náà. Wọn kò ta ọmọ ogun. Wọ́n ta 47. Rc6, wọ́n ní kí n wá pààrọ̀ rúùkù. Mo gbà: 47… Rxc6 48. Kxc6. Lẹ́yìn náà mo sáré ta 48… Kd8, kí ọba wọn má bàa rí d7 wọ̀. 49. Kd6 Ke8 50. Ke6 Kf8 51. Kd7. Ó parí: ọmọ ogun yóò lọ sí e6, e7, e8, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Bí mo bá lọ sí d8 ní ìgbésẹ̀ 50, Kf7 ni wọn yóò ta, ohun kan náà ni.

Nínú ìwé mi, ní ẹ̀gbẹ́ 47: "Mo kúrò nílé Philidor, ìdí nìyẹn tí mo fi kú." Ó dà bí ọgbọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbà á gbọ́.

Ohun tó ń já irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí a má fi ẹnu dá ẹjọ́. Kí a ta á. Ẹ to ibi tí a dé lẹ́yìn 48. Kxc6: ọba funfun c6, ọmọ ogun e5, ọba dúdú e8, dúdú ló máa ta. Ẹ gbìyànjú gbogbo ilé tí ọba dúdú lè lọ tó nítumọ̀.

Kd8 ti kú, a ti rí i. Kf7 náà kú: Kd7, ọba funfun ti dáàbò bo gbogbo ọ̀nà ọmọ ogun rẹ̀. Ó ku Ke7.

48… Ke7! Bí ọba funfun bá lọ sí c7, ọba dúdú á gòkè sí e6, ọmọ ogun e5 á sì di jíjẹ, torí ọba rẹ̀ ti jìnnà sí i. Nítorí náà 49. Kd5. Níbí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà: 49… Kd7! Ọba kojú ọba, ilé kan láàárín wọn, funfun ló sì máa kúrò. Bí ẹ bá lọ sí ibòmíràn, ọba funfun á bọ́ sí ìbú 6 níwájú ọmọ ogun rẹ̀, ẹ ti kú. 50. e6+ Ke7 51. Ke5. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan sí i: 51… Ke8! Ẹ fà sẹ́yìn gbọnrangandan. D8 àti f8 ni ikú. 52. Kd6 Kd8 53. e7+ Ke8, ó wá ku kí funfun ta Ke6 kí ó má bàa sọ ọmọ ogun nù, nígbà náà ọba dúdú kò ní ibi tí yóò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣẹ́ẹ̀kì lórí rẹ̀. Ọ̀mì.

Pàṣípààrọ̀ rúùkù kò ní ẹ̀bi! Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni. Mo wo aago inú ìwé mi: ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù fún mi kí n tó ta Kd8, mo sì rántí pé mi ò lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lórí rẹ̀. "Ka yi gaggawa." Mai shayi rí i lójú mi, kò tilẹ̀ nílò pátákó.

Òfin kékeré tí mo fa yọ níbẹ̀: kí ẹ tó pààrọ̀ ọmọ ayò ńlá tó kẹ́yìn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ìgbésẹ̀ ọba yín lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ náà. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, tí aago sì gbà yín láàyè, ẹ jókòó lé ọwọ́ yín.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá wọlé

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ ṣí fóònù. Èyí tí mo ń lò ni Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì kan, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ìpolówó. Stockfish ni ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ìgbésẹ̀ yín síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó máa ń jáde ni ìdíwọ̀n: +1 túmọ̀ sí pé funfun fi nǹkan bí ọmọ ogun kan ju dúdú lọ, −1 ni òdì kejì rẹ̀, 0 sì ni pé ó dọ́gba. Bí ọmọ ayò tó wà lórí pátákó kò bá ju 7 lọ, ọba méjèèjì pẹ̀lú, Lichess tún ní àkójọ ìdáhùn pípé: kò méfò níbẹ̀, ó mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lẹ́yìn Kxc6, Ke7 nìkan ló gbà mí là.

Ẹ má tẹ̀lé gbogbo nọ́ńbà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ẹ ti fi pupa yí ká ni kí ẹ lọ, kí ẹ fi ìdáhùn ẹ̀rọ wé gbólóhùn "Mo rò pé" tiyín. Ibi tí ẹ̀rọ bá pariwo tí ẹ kò fi pupa sí rárá, ẹ dúró níbẹ̀ pẹ́. Àṣìṣe tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ṣe ni.

Ìwé kejì

Mo ní ìwé kékeré kan tí mi ò kọ ayò sí. Gbólóhùn ni mo ń kọ sí i, ayò kan, gbólóhùn kan tàbí méjì, pẹ̀lú déètì. Ti ayò yìí kà báyìí: "Re1 gba ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò wò ó. Mo mọ pàṣípààrọ̀, mi ò mọ ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e." Kí n tó lọ sí ẹgbẹ́, mo máa ń ka márùn-ún tó kẹ́yìn. Bí gbólóhùn kan bá tún jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ohun tí mo máa kọ́ lóṣù yẹn nìyẹn, mo sì pa àwọn ìbẹ̀rẹ̀ tuntun tì.

Ti òpin ayò kò ṣeé fi ìwé nìkan kọ́. Ẹ wá ẹnì kan, ẹ to ọba funfun sí c6, ọmọ ogun sí e5, ọba dúdú sí e8, kí dúdú ta. Ẹ mú dúdú ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹnì kejì máa yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ àyè, kí ẹ̀yin náà wá ọ̀nà láti pa á. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ní Kubwa. Iná ti lọ, a fi ìmọ́lẹ̀ fóònù tan pátákó. Ní ìgbà kẹrin wọ́n ta Kd5, mo ta Kd7, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Ṣé pé ọ̀mì ni ayò yẹn?"

"Ọ̀mì ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Tún un tò, èmi ni mo fẹ́ mú dúdú."